Ẹ̀rọ Tí Kò Sinmi Lọ́sàn-án Ọjọ́rú

Àwọn tó gbé Olúwafèyíkẹ́mi jáde nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ wọn ti fẹnu kò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Marufat tó dé. Àpò àgbàdo ló ya lu ọmọbìnrin náà, wọ́n ní. Òkìtì ga, àpò wúwo, orí ènìyàn kì í sì í ṣe òkúta. Wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Marufat kò bá wọn jiyàn. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì lóṣòó sáàrin àwọn àpò tí wọ́n ti wọ́ kúrò lára ọmọ náà. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga ju ti ẹni tó ń pe ọmọ jí lójú oorun lọ. Àwọn ọ̀daràn Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ̀ ọ́n sọ pé nígbà tí ohùn yẹn bá tún rẹlẹ̀ sí i ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́yà.

"Anas," ó pe sájẹ́ǹtì tó ń bá a ṣiṣẹ́, "tú ẹnu àpò yìí fún mi."

Anas fi ọ̀bẹ gé okùn rẹ̀. Àgbàdo funfun ló dà sílẹ̀.

"Tú ìkejì."

Àgbàdo pupa.

"Wàyí, gbójú sókè. Kí lo rí?"

Anas wo ọ̀tún, ó wo òsì. Wọ́n to àpò àgbàdo funfun ti ògiri ọ̀tún, wọ́n to ti pupa ti ògiri òsì. Ọ̀nà tó wà láàrin wọn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọlanke lè gbà á kọjá.

"Òkìtì méjì tí kò fara kanra," ni Marufat wí, "báwo ni wọ́n ṣe fẹnu kò láti wó lu ènìyàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ẹnìkan ló fà wọ́n lù ú, mà."

"Ẹnìkan ló lù ú, ó wá fi àpò bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ló fọ́. Àpò tó bá já láti òkè, àtàrí tàbí èjìká ló máa kọ́kọ́ bá."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbi tí orí ọmọbìnrin náà wà, simẹ́ńtì ilẹ̀ ti họ, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí eyín tí kòkòrò jẹ. Ó fi ìka kàn án. Kò pẹ́ tí ìka náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó sì lọ fi omi fọ̀ ọ́. Ohun kan ti dà síbẹ̀, ohun náà sì burú. Ṣùgbọ́n kò sí ìgò, kò sí kẹ́ẹ̀gì, kò sí ohunkóhun nítòsí tó lè dà.

*

Ilé-iṣẹ́ náà kò tóbi. Ẹ̀yìn Ọjà Igbó ló wà, pẹ̀lú pátákó sólà tó bo gbogbo òrùlé rẹ̀. Wọ́n ń yọ sítáàṣì lára àgbàdo níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi ṣúgà tó ki, tó ń fà, tí àwọn oníbàárà ń pè ní oyin àgbàdo. Àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń ta nǹkan mímu ló ń rà á, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó ni ín ni Dókítà Josiah Adébáyọ̀, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, irun orí rẹ̀ sì ti funfun bí òwú. Fèyíkẹ́mi ni ẹni tó ń yẹ omi ṣúgà wò kí wọ́n tó gbé e jáde.

"Ọ́fíìsì mi ni mo wà láti àárọ̀," ni Dókítà wí.

"Ta ló rí yín níbẹ̀?"

"Ta ni yóò rí mi? Èmi nìkan ni."

"Kí lẹ̀yin àti Fèyíkẹ́mi ń jà lé lórí láàárọ̀?"

Ojú bàbá náà yí padà. "Ta ló sọ pé a jà?"

"Ògiri ọ́fíìsì yín kò nípọn, Dókítà."

"Ó ní kí n dá ọjà dúró. Ó ní omi ṣúgà wa ti ń kan lẹ́nu, ó sì ń ta ahọ́n. Mo ní kó má bà mí lórúkọ jẹ́. Mo ti fi ogún ọdún wá ẹ̀rọ yìí, mà. Mo jágbe mọ́ ọn. Bí ọmọ bíbí inú mi ni mo ṣe mú un, ṣùgbọ́n mo jágbe mọ́ ọn."

Anas àti Marufat wo ara wọn.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i nílẹ̀?"

"Mìkáílù, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Mo ń pe Fèyíkẹ́mi, kò dáhùn, mo wá ní kí Mìkáílù lọ wò ó. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Ṣáájú ìgbà yẹn, ibo ni Mìkáílù wà?"

"Ìdí ẹ̀rọ. Etí ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Tí ẹ̀rọ bá ń dún, Mìkáílù ń ṣiṣẹ́. Kò sì dákẹ́ rárá láti ìgbà tí wọ́n ti kírun ọ̀sán."

Mìkáílù fúnra rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tó mọ́ra ni, ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìyẹ̀fun sì ti bò ó láti irun ojú dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Omijé ti la ọ̀nà méjì sójú rẹ̀ tó funfun.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọlọ́run ló mọ̀ pé àbúrò ni ọmọ yẹn jẹ́ sí mi."

"O kò kúrò nídìí ẹ̀rọ?"

"Láti ìgbà tí mo ti kírun Àílà tán, mà, mi ò yọjú síta. Sítáàṣì tí mo ń lọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Yàrá ẹ̀rọ ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí ọ̀nà ọ́fíìsì, ìkejì sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ náà jẹ́ dúrọ́ọ̀mù irin ńlá tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá méjì. Mìkáílù ṣí i. Ìyẹ̀fun funfun kún inú rẹ̀ dé ààbọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù irin sì yọrí láàrin rẹ̀ bí ẹyin awó nínú iyanrìn. Marufat bu díẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ó dì í, ó sì tì í bọ àpò.

"Mà," Mìkáílù rẹ ohùn sílẹ̀, "mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wá láti Ọ̀yọ́ láàárọ̀. Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀, sóbò, omi ìṣápá pupa yẹn, ló ń tà. Ó ń bú, ó ń ṣépè. Ó ní oyin wa ló sọ àwọn ọmọ kan di aláìsàn. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ tó sọ fún Fèyíkẹ́mi pé kò ní rí ọjọ́ ọ̀la."

"O ṣeun," ni Marufat wí. "Anas, ti ilẹ̀kùn méjèèjì yàrá yìí, kí o sì mú kọ́kọ́rọ́ wọn dání. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí."

*

Ọjọ́ kejì, òun àti Anas lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Marufat sí. Ó mọ àwọn ojúde rẹ̀, ó mọ bí òkìkí ṣe ń sáré níbẹ̀ ju ọ̀kadà lọ. Kò yà á lẹ́nu nígbà tó rí i pé iwájú ilé Ràmọ́tà dá páropáro. Bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí ti dojú délẹ̀. Ẹnìkan ti fi èédú kọ APỌMỌ sára ògiri.

Ràmọ́tà jáde, ojú rẹ̀ wú.

"Asàláámù àlékúùmù, àǹtí. Ṣé ẹ wá mú mi ni? Ẹ máa mú mi lọ. Àwọn ará àdúgbò ti dá ẹjọ́ mi tán."

"Wa alékúmù sàláámù. Jókòó, Ràmọ́tà. O lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá."

"Mo lọ! Àwọn ọmọ tó mu sóbò mi, ẹnu wọn bó, wọ́n ń bì. Ọmọ tèmi gan-an, Waliyat, mu ún, àìsàn tirẹ̀ ló sì le jù. Ẹni tó bá fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ṣé yóò fi tirẹ̀ ṣáájú? Ṣúgà lásán ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní oyin àgbàdo dára jù, wọn kì í fi igi púpọ̀ se é, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Òun nìkan ni mo yí padà."

"O ní Fèyíkẹ́mi kò ní rí ọjọ́ ọ̀la?"

Ràmọ́tà la ẹnu sílẹ̀. "Èmi? Ọmọbìnrin yẹn? Òun nìkan ló fi ojú àánú wò mí níbẹ̀! Ó fún mi lómi tútù mu. Ó ní kí n má sunkún mọ́, pé òun máa wá ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí ló ṣe é?"

Marufat fi ìbéèrè mìíràn dá a lóhùn. "Nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ta ló wà nítòsí?"

"Kò sí ẹnìkankan. Àfi ọkùnrin kan tí ìyẹ̀fun bò, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé iṣẹ́ ló gbé e wá."

"Nígbà tí o kúrò níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ni mo wọ̀ tààrà, mo wá jókòó ti ọmọ mi nílé ìwòsàn. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì."

Anas lọ bi wọ́n. Nígbà tó padà, ó ní òótọ́ ni: ìrun Àílà bá obìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yá a láṣọ tó fi kírun rántí dáadáa.

"Oyin tó ṣẹ́kù dà?" ni Marufat bi í.

Ràmọ́tà gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Marufat ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá da díẹ̀ sórí simẹ́ńtì àkàsọ̀. Omi aláwọ̀ oyin náà dúró díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó hó ṣùùṣùù bí ọṣẹ.

Anas fà sẹ́yìn. "Oyin kì í hó lórí simẹ́ńtì, mà."

"Áásìdì ló ń hó. Ìwọ náà rí ilẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí."

*

Nínú ọkọ̀, Anas kò lè pa á mọ́ra.

"Dókítà ni, mà. Ó jágbe mọ́ ọn láàárọ̀ àná. Ó ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i lọ́fíìsì. Mìkáílù ní ẹlẹ́rìí: ẹ̀rọ ń dún, gbogbo àdúgbò gbọ́."

"Ó lè jẹ́ Dókítà," ni Marufat wí. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Mìkáílù fi parọ́ mọ́ Ràmọ́tà?"

"Bóyá ó ń bo ọ̀gá rẹ̀."

"Bóyá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jẹ́ ká lọ bi àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ gan-an."

Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé-iṣẹ́ náà jù ni ti Rose, aránṣọ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Goodness. Ó gbé téèpù sọ́rùn, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìyọ ọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Goodness."

"Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọmọ yẹn ńkọ́? Àdúrà la ń gbà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì láti àná."

"Ó ń mí. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbádùn."

"Ó ti mọ́ mi lára. Á dún gbùrù-gbùrù, bí òjò tó ń kù bọ̀ lókè jíjìn, á tún dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń dá àwọn oníbàárà mi lóhùn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ti àná, Ọjọ́rú yẹn, háà!" Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu wàyí. "Kò dákẹ́ o. Kò sinmi rárá. Ohùn rẹ̀ gan-an yàtọ̀. Ó ń han gooro, bí ẹni tó ń mi òkúta nínú agolo òfìfo. Mo ti fèrèsé mi pa nínú ooru. Ẹ wò ó, tí mo bá ní kí n sọ ọ́, ẹ ó ní mo ya wèrè, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ yìí ń ké."

Marufat dúpẹ́, ó sì sọdá títì.

*

"Dókítà," ó wí, bó ti jókòó tán, "ẹ kọ́ mi bí ẹ ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe fún sítáàṣì?"

Ó wù ú láti rí bí ojú bàbá náà ṣe mọ́lẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ afurasí tó.

"Hóró sítáàṣì kọ̀ọ̀kan dì bí ẹyin, mà. Ó ti ara rẹ̀ pa. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di ṣúgà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u. Àwọn kan ń fi iná tú u, igi gẹdú ló sì ń jó níbẹ̀. Àwọn kan ń fi áásìdì. Èmi kórìíra méjèèjì. Irin ni mo fi ń lù ú nínú dúrọ́ọ̀mù, oòrùn ló ń yí i, títí hóró yẹn á fi sán, á fi ya. Tó bá ti ya, omi tútù lásán wọ inú rẹ̀. Mo wá da ìyẹ̀fun ọkà bàbà tó ti hù sí i, a sì fi iná díẹ̀ yá a lára. Ọkà tó hù yẹn ló ń sọ ọ́ di ṣúgà."

"Kí ló dé tí ẹ fi máa ń dá ẹ̀rọ dúró tí ẹ tún ń tàn án?"

"Ooru ni. Irin tó ń lu irin gbóná. Tí a kò bá jẹ́ kó sinmi, tí a kò fi ọwọ́ ha á kúrò lára irin, sítáàṣì á lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù bí ẹ̀kọ tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Mìkáílù mọ̀. Kò lè kúrò nídìí rẹ̀."

"Ọjọ́rú, ẹ ní kò dákẹ́ rárá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò..."

"Inú yín ń dùn pé ẹ ń gbọ́ ọ," ni Marufat wí pẹ̀lẹ́, "ẹ kò wá bi ara yín pé kí ló dé tí kò sinmi. Ṣé ẹ ní ìyẹ̀fun tó dá yín lójú pé ó ti gba irin dáadáa?"

"Àpò kan wà tí Fèyíkẹ́mi fúnra rẹ̀ dúró tì nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ la fi pa mọ́."

"Ẹ bu díẹ̀ wá. Ẹ bu sítáàṣì tí kò tíì dé inú ẹ̀rọ wá pẹ̀lú, kí ẹ gbé ife gíláàsì mẹ́ta àti omi tútù. Anas, pe Mìkáílù. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ẹnìkan gbé jáde níbí ní ọ̀sán gangan, kò lè gbé e jìnnà."

*

Mìkáílù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Marufat da ìyẹ̀fun mẹ́ta sínú ife mẹ́ta, ó da omi sí wọn, ó rò wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ife àkọ́kọ́, èyí tí Fèyíkẹ́mi dúró tì, ki. Ó ń yọ̀ mọ́ ṣíbí, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò pínyà. Ife kejì, sítáàṣì tí kò rí irin rí, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀. Funfun rẹ̀ lọ jókòó sísàlẹ̀, omi sì mọ́ gaara lókè.

"Ìyá mi ta ògì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́," ni Marufat wí. "Ọmọ ológì kì í kánjú. Ó máa ń dúró kí ògì tòrò kó tó da omi orí rẹ̀ nù. Mìkáílù, wo ife kẹta fún mi. Ìyẹ̀fun inú ẹ̀rọ rẹ ni. Ìwọ lo ṣí i fún mi."

Ife kẹta ti tòrò. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n rí ìlà tábìlì láti òdìkejì.

Ahọ́n Mìkáílù jáde, ó lá ètè. "Bóyá kò tíì gbà á tó, mà."

"Láti Àílà títí di ìgbà tí wọ́n pè ọ́? Kò tilẹ̀ gba ẹyọ kan. Ẹ̀rọ tí àdúgbò gbọ́ kò ní nǹkankan nínú ju irin lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké gooro. Ìdí nìyẹn tí kò fi sinmi, nítorí kò sí sítáàṣì tó máa lẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró tì í. O mọ̀ pé etí ni ọ̀gá rẹ fi ń ṣọ́ ọ. O fi ariwo sílẹ̀ fún etí rẹ̀, o gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ."

"Irọ́ ni, mà. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?"

"O gbọ́ tí Fèyíkẹ́mi ṣèlérí fún obìnrin Ọ̀yọ́ pé òun máa wá ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí o pa mọ́ wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí. O ní láti gbé e kúrò kó tó débẹ̀. Ó ti ṣáájú rẹ."

Ilẹ̀kùn ṣí. Anas wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún èèrí àgbàdo, ó sì fi àkísà di kẹ́ẹ̀gì dúdú kan mú. Òórùn rẹ̀ ta wọ́n nímú kó tó gbé e sílẹ̀.

"Inú òkìtì èèrí ló wà, mà. Omi bátìrì ni. Ìdérí rẹ̀ ti ya."

Dókítà Josiah dìde, ó tún jókòó. "Mìkáílù. Áásìdì? Nínú ohun tí àwọn ọmọdé ń mu?"

Mìkáílù kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ jáde.

"Òjò ni, Dókítà. Òjò ló fà á. Oòrùn ò ràn, ẹ̀rọ ò lágbára láti yí, àwọn oníbàárà ń pè, ẹ̀yin sì ń sọ fún wọn pé Mìkáílù ò já mi kulẹ̀ rí. Ẹ ń sọ ọ́ níwájú mi. Ọkùnrin kan tó ń ṣe bátìrì ló ní díẹ̀ péré nínú omi gbígbóná, sítáàṣì á tú kíá. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí oòrùn padà, ẹ ti gba iṣẹ́ ìlọ́po méjì..."

"Fèyíkẹ́mi," ni Marufat wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé Anas sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

"Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì dání nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mà. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e sọnù, mi ò ní ṣe é mọ́. Ó ní àwọn ọmọ wà nílé ìwòsàn, òun ń lọ sọ fún Dókítà. Ó yí ẹ̀yìn sí mi. Igi tí a fi ń ru àpò wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mi ò mọ bí mo ṣe mú un. Kẹ́ẹ̀gì jábọ́, ó dà... Mo rò pé ó ti kú."

"O wá fa àpò lù ú, o lọ da sítáàṣì sínú dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n rán ọ, o lọ fi igbe ta." Marufat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Gbọ́ mi. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí o ti sọ lọ. Yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́, ibo ni oyin rẹ wà lọ́wọ́lọ́wọ́?"

Ó dárúkọ ilé oníbúrẹ́dì méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan l'Ọ́jà Igbó. Kó tó sọ èyí tó kẹ́yìn tán, Anas ti wà lórí fóònù, ó sì ti ń sáré lọ sídìí ọkọ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ délé ọlọ́pàá.

Dókítà Josiah kò kúrò níbi tó jókòó sí. "Ó sọ fún mi," ló ń wí ṣáá. "Ọmọ yẹn sọ fún mi láàárọ̀ àná."

"Ẹni tó bá ń darí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ," ni Marufat dá a lóhùn, "ó yẹ kí ahọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ ó wá sọ tẹnu yín lágọ̀ọ́ wa, bàbá. Ẹ kò lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ṣì kù."

*

Fèyíkẹ́mi lajú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì já gaara, síbẹ̀ ó tó láti sọ ẹni tó lù ú, ó sì bá ti Mìkáílù mu láìyẹ̀. Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn ń jẹun. Marufat sọ fún un pé wọ́n ń jẹun, pé Waliyat náà ti kúrò nílé ìwòsàn. Ọmọbìnrin náà pa ojú dé, omi sì ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ilé ẹjọ́ kò lè ṣe. Marufat mọ àdúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá kéde lórí rédíò pé Ràmọ́tà kò jẹ̀bi, àwọn ènìyàn á ní àwọn gbọ́, wọ́n á sì máa gba ọ̀nà mìíràn kọjá.

Nítorí náà, ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán tí títì kún, ó wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn, Anas lẹ́yìn rẹ̀. Ràmọ́tà ti padà sí ṣúgà lásán. Ìkòkò sóbò rẹ̀ kún dé ẹnu, kò sì sí ẹnìkan níwájú rẹ̀. Marufat gbé bẹ́ǹṣì tó dojú délẹ̀ nàró, ó gbé e sáàrin ojúde níbi tí gbogbo ojú á ti rí i, ó sì jókòó.

"Ràmọ́tà! Bu sóbò fún mi."

Obìnrin náà bù ú kún débi pé díẹ̀ dà sílẹ̀. Àwọn tó ń kọjá dúró. Àwọn kan yọjú lójú fèrèsé. Marufat gba ife náà, ó gbé e sókè kí oòrùn lè gba inú pupa rẹ̀ kọjá, ó sì mu ún láìsinmi, títí dé ìsàlẹ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀.

"Bu fún sájẹ́ǹtì mi náà."

Anas mu tirẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn kò kánjú, wọ́n ń kí àwọn tó ń kọjá. Ojúde dákẹ́ bí ẹni tó ń dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan jáde láti ilé òdìkejì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, òun ló sì pariwo jù nígbà tí wọ́n ń lé àwọn oníbàárà kúrò. Ó sọdá títì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wo Marufat, ó wo ìkòkò. Kò wo ojú Ràmọ́tà. Ó rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọ̀pá kalẹ̀ sáàrin ẹsẹ̀.

"Bu tèmi," ó wí. "Kí o fi yìnyín sí i."